Sítókípà Tó Ń Jowú Kọ̀ǹpútà

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sítọ̀ọ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ sítókípà ló ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, orúkọ iṣẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ará àdúgbò kò mọ èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn ni ìyẹn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn "wọn" náà ti lọ sílé ọkọ, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́, ilé sì ti ṣófo.

Ẹni tó bá wọ ilé Sítọ̀ọ̀ yóò mọ irú ẹni tí òun bá pàdé. Ṣíbí ńlá kì í bá ṣíbí kékeré sùn níbẹ̀. Ìṣó gígùn wà nínú agolo tirẹ̀, ìṣó kúkúrú wà nínú tirẹ̀, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ agolo kọ̀ọ̀kan lára. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá kú, ọkọ òun yóò kọ́kọ́ wá pẹpẹ tó máa to òun sí ná kí ó tó ráyè sunkún.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó yìí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kúrò nílé, ó ní òun fẹ́ padà sí yunifásítì láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun kan ló ti ń dùn ún lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, tó sì jẹ́ pé nígbà tí òun bá mú wọn wá síwájú, kí òun bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, orí wọn a máa pé. Ó fẹ́ mọ ohun tí ariwo inú kíláàsì ń ṣe sí ohun tí ọmọ ń gbọ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá ṣe láti inú orí ẹni. Gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé bá sọ nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹni tó ti sọ ọ́ ṣáájú, àkọlé ohun tó kọ, ọdún tó kọ ọ́ àti ojú ìwé tó wà. Nítorí náà àpilẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wọn bí omi. Ó ń tẹ̀ wọ́n jáde ní láíbìrì, ó ń kó wọn wálé nínú àpò, Sítọ̀ọ̀ sì ń gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri pálọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó fi èèpo aláwọ̀ oríṣiríṣi sí wọn lẹ́yìn. Kò ka ọ̀kankan nínú wọn rí, nítorí àkọlé ni sítókípà ń kà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ ibi tó wà.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ yóò wí láti ìdí tábìlì, láìgbé orí sókè, "èyí tí wọ́n ti fi kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ kíláàsì àwọn ọmọ yẹn…"

"Apá òsì, ìlà kejì láti òkè. Dúró, mò ń mú un bọ̀."

Bó bá ti gbé e lé e lọ́wọ́, obìnrin náà yóò wo àpilẹ̀kọ náà, yóò wo ọkọ rẹ̀, yóò ní, "Kí ni ǹ bá ṣe láìsí yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni owó oṣù Sítọ̀ọ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń gbà á déédéé, ó sì ń tó o jẹ.

Ní ọjọ́ kan, láíbìrì yunifásítì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti kọ́ wọn ní ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ìtọ́kasí. Ìyàwó náà lọ tìkọ̀ tìkọ̀, ṣùgbọ́n ijó ló jó wọlé. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí ọkọ òun wá wò ó. Bó bá ti ju àpilẹ̀kọ kan sínú rẹ̀ báyìí, ètò náà fúnra rẹ̀ á ka orúkọ òǹkọ̀wé, á ka àkọlé, á ka ọdún, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń kọ ìwé tirẹ̀ lọ, tó dé ibi tó yẹ kó ti tọ́ka sí ẹnì kan, yóò kàn tẹ bọ́tìnnì, ìtọ́kasí á jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á sì tún tò lẹ́sẹẹsẹ ní ẹ̀yìn ìwé.

"Ẹ tún wo èyí," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó kọ "kápẹ́ẹ̀tì" sínú àpótí kékeré kan lókè. Kó tó mí, gbogbo àpilẹ̀kọ tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹyọ ti yọ síta, títí kan èyí tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì kankan nínú àkọlé rẹ̀.

"Ó dára," ni Sítọ̀ọ̀ wí.

"Ó dára kẹ̀? Idán ni!"

"Mo ní ó dára."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Obìnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n, ó ní, "Bàbá wọn, èyí tó sọ nípa ohùn olùkọ́ tó há…" Sítọ̀ọ̀ ti wọ awò ojú, ó ti dìde, ó ti dé ìdí pẹpẹ, ó ti na ọwọ́.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti rí i."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Ìyàwó rẹ̀ ti ń kàwé lọ, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà rọra mú ọwọ́ wálẹ̀, ó fi nu eruku tí kò sí lórí pẹpẹ, ó sì lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, "Kí ni ǹ bá ṣe láìsí yín" dáwọ́ dúró. Kò sí ìjà, kò sí èdè-àìyedè. Ẹnu kàn kò nílò láti sọ ọ́ mọ́ ni.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Awakọ̀. Àwọn méjèèjì a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé Awakọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Sítọ̀ọ̀, kí ló dé? Ojú ẹ rí bíi ti ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀."

"Ìyá wọn ò bi mí ní nǹkan mọ́."

"Ṣé ó ń bá ẹ jà ni?"

"Kò bá mi jà. Inú ẹ̀ ń dùn. Kọ̀ǹpútà ló ń bi."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó parí! Obìnrin ti fẹ́ ẹlòmíì lé ẹ lórí! Ìwọ ni ìyálé báyìí o, Sítọ̀ọ̀!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń fi ìyálé ṣe yẹ̀yẹ́? Fọkàn balẹ̀. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kọ̀ǹpútà yẹn náà á gbó, wọ́n á gbé òmíì wọlé tì í."

"Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, ní láíbìrì. Gbogbo ìgbà ló ń pè é. 'Àbúrò mi, báwo ni mo ṣe ń ṣe tibí? Àbúrò mi, bá mi wo tọ̀hún.' Tó bá sì gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa kù lẹ́nu ẹ̀."

Awakọ̀ dá ẹ̀rín dúró. Ó ronú díẹ̀. "Onírùngbọ̀n kẹ̀? Ìyẹn tún yàtọ̀."

Kò sí ohun tó burú fún ẹni tó ń jowú bíi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jowú. Sítọ̀ọ̀ padà sílé, ó ń ro ó. Ó gbà pé kò sí bí òun ṣe lè lé ètò náà jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni ilé-ìkẹ́rù ìyàwó òun wà báyìí, ilé-ìkẹ́rù wo ló wà láyé tí kò nílò sítókípà? Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn níbi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n fi ń ka ẹrù, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì àti bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó dúró de ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ sórí tábìlì.

Ó wá ibi tí ètò náà ń kó àpilẹ̀kọ pamọ́ sí, ó sì rí i. Nígbà tó ṣí i, ẹnu yà á. Fódà lórí fódà ni, bí ẹ̀fọn, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àdàpọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ kankan, àfi bí ẹni pé adìẹ ló sáré kọjá lórí bọ́tìnnì. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan, àpilẹ̀kọ ẹyọ kan ṣoṣo.

Inú Sítọ̀ọ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn bí inú ìyálé tó yọ ojú wo yàrá ìyàwó, tó rí i pé ìyẹn kò gbá abẹ́ ibùsùn. Gbogbo ẹwà tí wọ́n ń yìn láti ọjọ́ yìí, ojú ni! Orogún òun kò mọ ilé tọ́jú!

Ó ká apá aṣọ sókè. Ó fa àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan jáde nínú fódà rẹ̀, ó wo àkọlé rẹ̀, ó sì tò ó sínú fódà tuntun tó nítumọ̀: Ariwo Ìta, Ariwo Inú Kíláàsì, Etí Ọmọ, Ohùn Olùkọ́, Ògiri àti Àjà. Àwọn fódà alorúkọ adìẹ tó ṣófo, ó kó wọn dànù. Nítorí pé kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó tún da ohun tó wà nínú àpótí ìdalẹ̀nù kọ̀ǹpútà nù pátápátá. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó, ó ń retí ẹni tó máa yìn ín.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìkánjú. Ó ní alábòójútó òun, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí òun ní yunifásítì, fẹ́ rí òun lọ́la, orí kejì ìwé òun ló sì fẹ́ kí àwọn jọ gbà kọjá, ìtọ́kasí kan tẹ̀lé òmíràn. "Bí orí yìí ò bá wọlé lọ́la, wọn ò ní jẹ́ kí n jókòó síwájú àwọn olùdánwò lọ́dún yìí." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ládùúgbò láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bà á lẹ́rù, ṣebí inú kọ̀ǹpútà òun ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ṣí ètò náà. Àkọlé gbogbo wà níbẹ̀. Ó tẹ àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí fáìlì náà. Ó tẹ èkejì. Òun kò rí i. Ó tẹ ẹ̀kẹta.

"Yéè! Mo gbé!"

"Kí ló dé?"

"Bàbá wọn, ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

"Mo bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ó dọ̀tí, Ìyá wọn. O ò mọ bó ṣe dọ̀tí tó. Wá wò ó, mo ti tò ó. Ariwo Ìta nìyí, Etí Ọmọ nìyí…"

Obìnrin náà jókòó. Ó wo fódà tuntun náà lọ, wò ó bọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí sì burú ju kó pariwo lọ. "Àwọn orúkọ tí kò nítumọ̀ yẹn, ètò yẹn ló sọ wọ́n. Òun fúnra ẹ̀ ló mọ̀ wọ́n, ibẹ̀ nìkan ló sì ń wò tó bá ń wá nǹkan. Ẹ ti kó gbogbo ayálégbé jáde, ẹ wá wó ilé náà lulẹ̀."

Ẹ̀rù ba Sítọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, ìrètí kan tí kò dára yọjú. "Kò bàjẹ́. Mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Sọ èyí tó o fẹ́, màá bá ẹ wá a báyìí. A jọ máa jókòó, ìwọ á máa pè é, èmi á máa mú un wá."

Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ kọjá rẹ̀. Fóònù ló gbé. "Àbúrò mi," ló wí, ẹkún sì ti wà nínú ohùn rẹ̀, "àbúrò mi, mo ti dáràn."

Ohùn ọmọkùnrin náà jáde ketekete nínú fóònù. "Ẹ má sunkún, Mọ́mì. Ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a jọ ṣètò ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan lẹ nílò. Ẹ máa gbé e bọ̀, mo ṣì wà ní láíbìrì."

Sítọ̀ọ̀ ní òun ń tẹ̀ lé e. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà náà láyà nínú ọkọ̀, bí ẹni tó gbé ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó rí ní láíbìrì ni pé rùngbọ̀n náà kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí òun ti ń rò ó. Ọmọkùnrin kúkúrú kan ni, ó wọ súwẹ́tà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó tẹrí ba fún un, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ó sì gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Kò sí ohun tí Sítọ̀ọ̀ rí di mọ́ láti fi kórìíra rẹ̀, èyí sì tún mú inú bí i.

"Mọ́mì, kí ló ṣe é gan-an? Ètò yìí kì í ṣe báyìí."

"Eku ni," ni ìyàwó náà wí.

"Eku?"

"Eku ńlá kan ń bẹ nílé wa. Ó fẹ́ràn ìmọ́tótó."

Ọmọkùnrin náà wo Sítọ̀ọ̀ fìrí, ó yára gbé ojú sí kọ̀ǹpútà. Rùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Sítọ̀ọ̀ wo àjà.

Iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ le. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé, ọmọkùnrin náà tẹ àkọlé kan, àpilẹ̀kọ náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó wọ fódà alorúkọ adìẹ mìíràn, ó sì ṣí. Ó tẹ òmíràn, ó ṣí. Kò sẹ́ni tó bi Sítọ̀ọ̀ léèrè ibi tí ohunkóhun wà. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà ní, "Àwọn fódà tuntun yìí ńkọ́, Mọ́mì? Ṣé ká pa wọ́n rẹ́?" Obìnrin náà ní kó pa wọ́n rẹ́. Ariwo Ìta lọ, Etí Ọmọ lọ, gbogbo iṣẹ́ tí Sítọ̀ọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà sì wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ lọ tẹ orí kejì rẹ̀ jáde ní yàrá kejì. Ó ku àwọn ọkùnrin méjèèjì. Àpilẹ̀kọ kan ṣì wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti fi àwọ̀ ìyeyè kun àwọn ìlà kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kéékèèké wà létí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà náà. Sítọ̀ọ̀ tẹ̀ síwájú.

"Ta ló kọ èyí?"

"Mọ́mì ni, sà."

"Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni. A jọ ń kà á ni. A dá ẹgbẹ́ ìkàwé kan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè kọ èrò ẹ̀ sétí ìwé. Àmọ́ ọ̀lẹ làwọn yòókù, sà. Èmi àti Mọ́mì nìkan la máa ń kọ ọ́."

"Ẹ jọ ń kà á," ni Sítọ̀ọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju "Mo ti rí i" lọ. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń jowú kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò jù ú lọ ló ń bá jà. Kọ̀ǹpútà ń wá ìwé rí, òun náà ń wá a rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rí i tán, ìyàwó òun a máa wọ inú rẹ̀ lọ, òun a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbé ẹrù dé ilé olówó. Ó ti kó àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn láti pẹpẹ dé tábìlì, láti tábìlì dé pẹpẹ, kò sì mọ ohun tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sọ. Ọmọkùnrin onísúwẹ́tà yìí ti wọlé, ó ti jókòó, ó sì ń bá a fèsì.

"Fi èmi náà sí i," ló wí.

"Sí ẹgbẹ́ ìkàwé, sà?"

"Àbí ẹ̀yin ọmọdé nìkan ló lójú ni?"

"Rárá o, sà. Àmọ́ Mọ́mì ló ni àkójọ àpilẹ̀kọ náà. Ẹ fún mi ní ímeèlì yín, màá bá yín fi ránṣẹ́ sí wọn, àwọn ló máa ṣílẹ̀kùn."

Lọ́jọ́ kejì, alábòójútó gba orí kejì wọlé. Obìnrin náà ń kọrin nígbà tó dé, ó se ẹ̀wà, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ páìpù tó ń jò lẹ́yìn ilé. Kò mẹ́nu kan ímeèlì. Sítọ̀ọ̀ kò béèrè. Ó kàn ń yẹ fóònù rẹ̀ wò bí ọmọ tó kọ lẹ́tà ìfẹ́.

"Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún ìyálé?" ni Awakọ̀ ń bi í ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

"Fi mí sílẹ̀ o."

Ọ̀sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Sítọ̀ọ̀ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọmọ wọn fi sílẹ̀, ó wọlé, ó rí àkójọ ìyàwó rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ṣí àpilẹ̀kọ kan, ó fẹ́ kọ nǹkan sétí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ fún un. Ó tún un tẹ̀. Ó kọ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kíkà nìkan.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá a ní kíṣìnnì. "Ìyá wọn, kí lèyí?"

"Kí lẹ rí?"

"Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan."

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé nǹkan. Ọwọ́ yín ti ṣe tó nínú ilé yẹn."

"Onírùngbọ̀n ńkọ́? Ṣé ó lè kọ?"

"Ẹ yé é pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Ó lè kọ."

"Ó lè kọ, èmi tí mo jẹ́ ọkọ ẹ, mi ò lè kọ."

"Ẹnu ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń gé àlùbọ́sà lọ. "Ṣé ẹ ò ní ẹnu ni?"

Inú bí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí kò fi ṣí àkójọ náà. Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kí ojú simi. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń kọ sí ìyàwó òun. Ó ṣí àpilẹ̀kọ tó ní ọ̀rọ̀ etí ìwé jù lọ. "Òtítọ́ ni," ni onírùngbọ̀n kọ síbì kan. "Ṣùgbọ́n ti ìlà kẹta ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ kọ sí abẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ kí ni? Kí ló wà ní ìlà kẹta? Kò sí bí èèyàn ṣe lè jowú ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kó jowú rẹ̀ dáadáa. Àfi kó ka àpilẹ̀kọ náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èdè ibẹ̀ le, òǹkà ibẹ̀ pọ̀, ó fi ìwé atúmọ̀-èdè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó máa kà á dé ìdajì ní àárọ̀, ọ̀sán á dé, á ti gbàgbé, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á bá a nídìí rẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì ní bi í léèrè ohunkóhun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun.

"Ìyá wọn."

"Ẹn-ẹn?"

"Àwọn tó fi ariwo dán àwọn ọmọ wò yẹn, ariwo ẹ̀rọ fáànù ni wọ́n lò."

Ṣíbí obìnrin náà dúró. "Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn tí ọ̀gbẹ́ni láíbìrì kọ 'òtítọ́ ni' sí. Kì í ṣe òtítọ́. Fáànù ò bá ọmọ sọ nǹkan kan. Tó bá yá, etí ọmọ á gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ méjì tó jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kódà kó jẹ́ jẹ́jẹ́, ta ló tún fẹ́ gbọ́ ti olùkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ ohun tó ṣe é jiyàn lé lórí.

"Kò rí bẹ́ẹ̀ tán," ló wí. "Fáànù tó bá pariwo tó, á bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀, yálà ọmọ fẹ́ gbọ́ o, tàbí kò fẹ́."

"Mi ò ní kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé ariwo méjì ni, wọ́n wá ń pè é ní ẹyọ kan."

"Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i ni? Orí ẹ̀ ni mo wà látọjọ́ yìí. Àpilẹ̀kọ kan wà tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa. Ẹ ò tíì dé ibẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ta Sítọ̀ọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ta á tó bó ṣe rò. "Ó dáa, jẹ́ kí n kọ tèmi sétí ìwé, kí ọ̀gbẹ́ni yẹn lè rí i pé irọ́ lòun pa."

"Rárá."

"Ìlà kan péré."

"Bàbá wọn, mo ní rárá. Tí mo bá jẹ́ kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ò ní jókòó síbí sọ ọ́ fún mi mọ́."

 Obìnrin náà bu omi mu. Ọkọ rẹ̀ yí ẹ̀wà inú àwo rẹ̀ po, ó yí i po.

"Èyí tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ yẹn," ló wí nígbà tó yá. "Ṣé òun ti kà á?"

"Ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń sọ."

"Kò tíì kà á. Àná ni mo fi í sínú àkójọ."

Sítọ̀ọ̀ ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó nu ọwọ́, ó wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò àyà, ó sì dìde.

"Ẹ jẹun tán ná! Ojú ìwé ẹ̀ pọ̀ o!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe tẹ̀ lé e.

Ó ti dé pálọ̀. Ó ti ń ka àkọlé rẹ̀ sókè.